Báwo ni a ṣe lè gbé eré ogun orí tábìlì wọ inú kọ̀ǹpútà kí adùn rẹ̀ má baà ṣòfò?

ỌmọÒkèMẹ̀sí (Adó-Èkìtì) kọ pé:

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ará. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi kan níbí ti ṣe eré ogun orí tábìlì kan tó dá lórí ogun Kírìjì, èyí tí Èkìtì Parapọ̀ àti Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877, tí àwọn ọmọ ogun kò sì tú ká ní bùdó títí di ọdún 1893. Ère igi kéékèèké ni ọmọ ogun wa, pákó tí a fi amọ̀ mọ òkè sí ni pápá ogun, téèpù ni a fi ń wọn ibi tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè rìn dé, dáìsì méjì ni a sì ń jù láti mọ̀ bóyá ìbọn bà tàbí kò bà. Ẹgbẹ́ tí ó bá ti yin ṣakabùlà rẹ̀, a ó gbé owó ẹyọ kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí gbogbo ẹni tó wà nídìí tábìlì lè mọ̀ pé ìbọn wọn ti ṣófo. Ìgbà tí wọ́n bá kì í tán ni a tó ń mú owó ẹyọ náà kúrò.

Ní báyìí, a fẹ́ sọ ọ́ di eré kọ̀ǹpútà. A kò fẹ́ irú eré tí ìka yíyá ni ó ń gba ife-ẹ̀yẹ. Ó kàn mí, ó kàn ọ́ ni a fẹ́, kí èèyàn lè fara balẹ̀ ronú bí ó ti ń ṣe nídìí tábìlì. Ìbéèrè mi ni pé, ṣé kí a kó gbogbo òfin wa sínú kóòdù bó ṣe wà gan-an ni, àbí àwọn kan wà nínú rẹ̀ tí ó yẹ kí a fi sílẹ̀? Ẹnu wa kò kò lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn kan ní bí a bá yí ẹyọ òfin kan padà, eré mìíràn ni a ṣe. Àwọn kan sì ní kọ̀ǹpútà tí ń ju dáìsì bí ọmọ ènìyàn ń fi agbára rẹ̀ ṣòfò.

KóòdùÌkọ̀lé (Ìkọ̀lé-Èkìtì) kọ pé:

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Lójú tèmi, ohun tí òfin ń mú kí èèyàn rò kí ó tó gbé ọwọ́ ni kí ẹ kó, kì í ṣe òfin náà fúnra rẹ̀. Òfin orí tábìlì máa ń ní iṣẹ́ ọwọ́ nínú, irú bíi wíwọn ilẹ̀, ríro dáìsì pọ̀, àti rírántí ẹni tí ìbọn rẹ̀ ti ṣófo. Ó tún máa ń ní ìpinnu nínú: ṣé kí n sáré gun òkè yìí nísinsìnyí tí owó ẹyọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, àbí kí n dúró de àwọn ará mi tó kù lẹ́yìn? Ẹ gbé iṣẹ́ ọwọ́ fún kọ̀ǹpútà láìbojúwẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ó fọwọ́ kan ìpinnu.

Ẹ wo BattleTech, eré ogun àwọn ẹ̀rọ ńláńlá tí ènìyàn ń wà. Ọdún 1984 ni ilé-iṣẹ́ FASA ti Amẹ́ríkà kọ́kọ́ gbé e jáde lábẹ́ orúkọ mìíràn, gẹ́gẹ́ bí eré orí tábìlì. Jordan Weisman, tó wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, náà ló tún ṣáájú ilé-iṣẹ́ Harebrained Schemes tó sọ ọ́ di eré kọ̀ǹpútà alátẹ̀léra (ó kàn mí, ó kàn ọ́) ní ọdún 2018. Lórí tábìlì, ẹni tí dáìsì tí wọ́n ń jù láti mọ ètò ìrìn kò bá gbè ni yóò kọ́kọ́ rìn, kí ẹni tó borí lè rí ibi tó gbà kí ó tó gbé tirẹ̀. Gbogbo ẹ̀rọ ogun á rìn tán kí ìbọn tó dún, ìpalára gbogbo á sì jọ ṣẹlẹ̀ ní ìparí ìpele náà, débi pé ẹ̀rọ tí yóò wó lulẹ̀ ṣì láǹfààní láti yin ìbọn tirẹ̀. Ti kọ̀ǹpútà da èyí nù pátápátá: ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan á rìn, á sì yìnbọn nígbà kan náà, àwọn tó fúyẹ́ sì ń ṣáájú àwọn tó wúwo. Ẹni tó bá gbé ìwé òfin méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn yóò ní eré ọ̀tọ̀ ni. Síbẹ̀, ohun tí ń dààmú ẹni tí ń ta á kò yí padà: ìbọn púpọ̀ ń mú kí ẹ̀rọ gbóná, èyí tó bá gbóná jù yóò kú dúró níwájú ọ̀tá, nítorí náà o gbọ́dọ̀ yan ìbọn tí o máa dá dúró. Ìpinnu yẹn ni wọ́n gbé wọlé.

Ní ti irinṣẹ́, Godot, tí wọ́n fi ń ṣe eré kọ̀ǹpútà, kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín, kọ̀ǹpútà tí kò lágbára púpọ̀ sì lè gbé e.

ÌyáTiti (Ìjerò-Èkìtì) kọ pé:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, n kò fara mọ́ gbogbo rẹ̀. Blood Bowl wà níbẹ̀. Eré bọ́ọ̀lù oníjà ni, Games Workshop ló ni ín, ó sì ti wà lórí tábìlì láti àárín àwọn ọdún 1980. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Cyanide ti ilẹ̀ Faransé gbé e wọ kọ̀ǹpútà ní ọdún 2009, wọ́n fi ìlànà kan kún un tí gbogbo ènìyàn á máa sáré lẹ́ẹ̀kan náà láìdúró de ara wọn. Àwa tí a fẹ́ràn eré náà kò yà síbẹ̀, nígbà tí ẹ̀dà kejì sì jáde ní 2015, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò. Èyí tó dúró ni èyí tó tẹ̀lé ìwé òfin fínnífínní, títí kan òfin tó le jù lọ nínú rẹ̀: bí ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ rẹ bá ṣubú nígbà tí ó kàn ọ́, ó ti kàn ẹnìkejì nìyẹn, ì báà jẹ́ pé o kò tíì gbé ẹlòmíràn. Òfin yẹn ni gbogbo adùn eré náà. Ẹni tó bá ní kí òun dẹ̀ ẹ́ díẹ̀ nítorí pé kọ̀ǹpútà ni, ó ti ba iṣẹ́ jẹ́.

KóòdùÌkọ̀lé kọ pé:

Ìyá Titi, òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ìdí rẹ̀. Orí pápá onígun mẹ́rin-mẹ́rin, 26 ní gígùn, 15 ní ìbú, ni wọ́n ti ń ta Blood Bowl lórí tábìlì. Kò sí téèpù níbẹ̀, kò sí pé ẹnìkan bẹ̀rẹ̀ tí ó ń fi ojú kan wò bóyá ère yìí rí ère yẹn láàárín igi. Eré tó bá ti ní ojú ọpọ́n tó dá ṣáká, ó rọrùn láti gbé e wọlé láìyí i padà. Ti Kírìjì yìí kò ní. Amọ̀ àti téèpù ni.

Olùkọ́Ìṣirò (Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì) kọ pé:

Mo kí gbogbo ilé. Ohun méjì ni mo fẹ́ sọ, ọ̀kan lórí ilẹ̀, ọ̀kan lórí dáìsì, ti dáìsì ni yóò sì gùn jù nítorí pé ibẹ̀ ni mo ti rí i tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ba eré jẹ́ láìmọ̀.

Bí ẹ bá pín ilẹ̀ sí onígun mẹ́rin, ẹni tó bá rìn láti igun dé igun yóò rin nǹkan bí ìlọ́po 1.41 ẹni tó rìn ní tààrà, bẹ́ẹ̀ kọ̀ǹpútà á kà á sí ìṣísẹ̀ kan náà àfi bí ẹ bá ṣe òfin fún un. Onígun mẹ́fà kò ní ìṣòro yìí, nítorí pé ibi mẹ́fà tó yí èèyàn ká jìnnà bákan náà, ṣùgbọ́n ìlà ogun tó yẹ kí ó nà gbọnrangandan yóò máa ṣe wọ́gọwọ̀gọ ní àwọn ìhà kan. Ẹ sì rántí pé kò pọn dandan kí ẹ pín ilẹ̀ rárá. Nínú Mordheim, eré orí tábìlì mìíràn tí ilé-iṣẹ́ Rogue Factor gbé wọ kọ̀ǹpútà ní 2015, òbìrìkìtì ni wọ́n fà yí jagunjagun ká, ibi tó bá sì wù ú nínú rẹ̀ ni ó lè dúró sí. Kọ̀ǹpútà mọ téèpù lò ju gbogbo wa lọ.

Ó wá ku dáìsì. Ẹ ní dáìsì méjì ni ẹ ń jù. Mo ṣèbí bí àpapọ̀ rẹ̀ bá pé 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ìbọn bà, tí ìdènà kọ̀ọ̀kan, bí òkè tàbí ògiri, sì ń fi 1 kún un. Ọ̀nà 36 ni dáìsì méjì lè gbà jábọ́. Nínú rẹ̀, 15 ló pé 8 tàbí jù ú lọ, ìyẹn nǹkan bí ìdá 42 nínú 100. Bí ìdènà bá di ọ̀kan, 9 ni ẹ nílò, ọ̀nà 10 ló kù, ìdá 28. Bí ó bá di méjì, ọ̀nà 6, ìdá 17. Bí ó bá di mẹ́ta, ọ̀nà 3, ìdá 8. Ẹ rí i pé ìdènà àkọ́kọ́ gba 14 lọ, èkejì gba 11, ẹ̀kẹta gba 9. Ohun tí àwọn akọ̀wé kóòdù máa ń ṣe ni pé wọn á ní "ìdènà kọ̀ọ̀kan, ẹ yọ 14 kúrò". Bí wọ́n bá yọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kúrò nínú 42, òdo ló kù. Lórí tábìlì yín, ẹni tó dùbúlẹ̀ sẹ́yìn ògiri lórí òkè ṣì lè gba ọta ìbọn; nínú kọ̀ǹpútà yẹn, kò sí ohun tó lè ṣe é láéláé. Ìlànà ogun yóò yí padà látàrí ìyọkúrò kan ṣoṣo, ẹ kò sì ní mọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ju dáìsì méjì gan-an, kí ẹ sì jẹ́ kí a rí i bí ó ti ń yí lójú kọ̀ǹpútà. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé àǹfààní rẹ̀ jẹ́ ìdá 95 nínú 100, tí ìbọn rẹ̀ kò sì bà, yóò ní wọ́n rẹ́ òun jẹ. Àwọn tó ṣe eré ogun kọ̀ǹpútà XCOM ti ọdún 2012 mọ èyí, ni eré wọn ṣe ń ti ẹni tí ń ta á lẹ́yìn lábẹ́lẹ̀ ní àwọn ipele tó rọrùn. Èmi kò fẹ́ irú àánú bẹ́ẹ̀. Dáìsì tí mo rí, tí ó jábọ́ sí 2 lójú mi, mo lè bú u, ṣùgbọ́n n kò ní pe ẹnikẹ́ni ní olè.

ỌmọÒkèMẹ̀sí kọ pé:

Bàbá Olùkọ́, ẹ ṣeun púpọ̀. 8 náà ni a ń lò, bí ẹ ti rò ó gẹ́lẹ́ ni. Ìbéèrè kan tó ṣẹ́kù fún mi lórí téèpù ni èyí: a ní òfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọn ilẹ̀ kí ó tó kéde pé òun fẹ́ yìnbọn. Ojú ni ó gbọ́dọ̀ fi díwọ̀n. Bí ọta kò bá dé ọ̀dọ̀ ọ̀tá, ẹ̀tù ti ṣòfò, owó ẹyọ sì ti jókòó. Àwọn kan nínú wa mọ̀ ọ́n díwọ̀n débi pé ìbẹ̀rù ni láti dúró níwájú wọn. Ṣé kọ̀ǹpútà kò ní pa ọgbọ́n yìí rẹ́?

ÌyáTiti kọ pé:

Yóò pa á rẹ́, àbúrò, kí ẹ sì jẹ́ kí ó kú. Eré ogun orí tábìlì Warhammer pàápàá, tí ó jẹ́ pé ní àtijọ́ ẹni tí ń yin àgbá ní láti méfò iye íǹṣì kí ó tó wọn ilẹ̀, fàyè gba wíwọn nígbàkigbà nígbà tí ẹ̀dà kẹjọ rẹ̀ jáde ní 2010. Nínú kọ̀ǹpútà, bí ẹ bá fi ọ̀nà jíjìn pamọ́, ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n yóò fi rúlà lé ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ ni yóò máa jìyà. Ohun tí ẹ lè fi pamọ́ tí rúlà kò lè tú ni ohun tí kò sí lójú kọ̀ǹpútà rárá, ìyẹn ọmọ ogun tó wà lẹ́yìn òkè.

KóòdùÌkọ̀lé kọ pé:

Ibẹ̀ gan-an ni kọ̀ǹpútà ti borí tábìlì. Ní ọdún 1824, ọ̀gá ológun kékeré kan ní Prussia (ìjọba kan ní ilẹ̀ Jámánì àtijọ́), von Reisswitz, gbé eré ogun orí máàpù kalẹ̀ fún àwọn ológun ilẹ̀ náà lórí ìpìlẹ̀ iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Adájọ́ kan máa ń wà láàárín. Ikọ̀ méjèèjì á kọ àṣẹ wọn fún un, òun nìkan ló mọ ibi tí gbogbo ènìyàn wà, ohun tí ojú ọ̀gágun kọ̀ọ̀kan lè tó ni yóò sì gbé sórí máàpù fún un. Eré náà dára, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbà láti jẹ́ adájọ́ ní gbogbo ìgbà, kí ó má sì jà? Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ eré orí tábìlì fi jẹ́ kí gbogbo ère wà ní gbangba. Kọ̀ǹpútà kò ní ráhùn pé òun náà fẹ́ jà. Ní ilẹ̀ olókè bíi ti Ìmẹ̀sí-Ilé àti Ìgbájọ, níbi tí àwọn bùdó Kírìjì wà, ohun tí òkè bò mọ́lẹ̀ ló yẹ kí ó jẹ́ ìdajì ogun náà.

Ọpọ́nAyò (Ìdó-Èkìtì) kọ pé:

Ẹ kò tíì sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí yóò máa bá èèyàn jà bí kò bá sí ẹnìkejì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe rò pé nítorí kọ̀ǹpútà mọ ayò ta, yóò mọ ogun jà. Ní ọdún 2002, Romein àti Bal ní yunifásítì kan ní Amsterdam jẹ́ kí kọ̀ǹpútà yanjú Awari, tí í ṣe ìbátan ayò ọlọ́pọ́n tiwa, ojú ihò 12, ọmọ 48: wọ́n ṣe àyẹ̀wò ipò 889,063,398,406, wọ́n sì rí i pé bí ẹni méjì bá ta á láìṣìṣe, ọ̀mì ni. Ṣùgbọ́n nínú ayò, ihò mẹ́fà péré ni èèyàn lè yàn nínú rẹ̀ bí ó bá kàn án. Bí ẹ bá ní ẹgbẹ́ ọmọ ogun 10, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè lọ sí ibi 30, ọ̀nà tí ẹ lè gbà ta ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ti kọjá 590,000,000,000,000, a kò sì tíì ka dáìsì mọ́ ọn. Kọ̀ǹpútà kò lè wò ó tán. Àṣẹ kéékèèké ni ẹ máa kọ fún un: ẹgbẹ́ yìí, di òkè yìí mú, ẹgbẹ́ yẹn, bí ìbọn ọ̀tá bá ṣófo tí ẹ sì súnmọ́ wọn, ẹ kọ lù wọ́n. Ọ̀tá tó mọ ohun tó ń ṣọ́ yóò dà bí ọlọ́gbọ́n lójú ẹni tí ń bá a jà.

Ẹ fi ti kọ̀ǹpútà sẹ́yìn ná. Ẹ jẹ́ kí ènìyàn méjì jókòó ti kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, kí wọ́n máa gba máàsì (mouse) lọ́wọ́ ara wọn.

ÌyáTiti kọ pé:

Mo fara mọ́ ọn, àfi pé ọkọ mi wà ní Jámánì, àbúrò mi wà ní Èkó. Ta ni yóò gba máàsì lọ́wọ́ mi? Èyí kan ètò bí ó ṣe ń kàn èèyàn. Bí ẹ bá ní kí ẹgbẹ́ kan ti ibí gbéra, kí ẹgbẹ́ kan ti ọ̀hún gbéra, tí ikọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní ẹgbẹ́ mẹ́jọ, ìgbà 16 ni eré yóò lọ tí yóò bọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ìpele kan tó parí. Bí iná bá lọ ní Ìjerò lẹ́ẹ̀kan, ó di ọ̀la. Bí ó bá jẹ́ pé gbogbo ikọ̀ mi ni mo máa ta tán kí n tó fi ránṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni. Bí eré kọ̀ǹpútà Field of Glory II ti ọdún 2017 ṣe ń ṣe nìyẹn: mo ta tèmi lálẹ́, mo fi ránṣẹ́, ọkọ mi á bá a lórí sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń bá wa tọ́jú eré lórí íntánẹ́ẹ̀tì) nígbà tó bá ti ibi iṣẹ́ dé.

KóòdùÌkọ̀lé kọ pé:

Ìyà ibẹ̀ ni pé ẹni tó kọ́kọ́ ta lè fi ìbọn gbogbo fọ́ ẹnìkejì kí tọ̀hún tó mira. Àtúnṣe rẹ̀ ti wà tipẹ́. Nínú eré kọ̀ǹpútà Laser Squad tí Julian Gollop ṣe ní 1988, ọmọ ogun tó bá ṣẹ́ agbára kù yóò yìnbọn fúnra rẹ̀ sí ọ̀tá tó bá yọ sí i nígbà tí kò kàn án. Ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀: ẹgbẹ́ tí ìbọn rẹ̀ kún, tí kò rìn, kí ó lè ṣọ́ ọ̀nà. Ìpinnu tuntun ló bí yìí náà, nítorí pé ẹni tó bá yìnbọn nísinsìnyí kò ní rí nǹkan kan fi ṣọ́nà.

Agbẹjọ́ròAdó (Adó-Èkìtì) kọ pé:

Ọ̀rọ̀ díẹ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Àdàkọ Nàìjíríà ti 2022 kò dáàbò bo èrò tàbí ìlànà lásán. Bí a ṣe kọ ọ́ àti bí a ṣe yà á ni ó ń dáàbò bò. Bí ẹ bá yá ètò dáìsì lọ́wọ́ eré mìíràn, kò séwu níbẹ̀. Orúkọ, àwòrán àti gbólóhùn ìwé òfin wọn ni kí ẹ má fọwọ́ kàn. Ogun Kírìjì, Fábùnmi àti Ògèdèǹgbé jẹ́ ti ìtàn, ẹ kò tọrọ wọn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Agbẹ́gilére (Ẹ̀fọ̀n-Aláayè) kọ pé:

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi àwòrán tí gbogbo ayé ń lò rọ́pò ère yín. Mo ti rí fọ́tò wọn: a rí ojú ọ̀bẹ lára fìlà balógun yẹn, a sì rí ibi tí wọ́n ti há ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ó lè dúró lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. Ẹ gbé e sórí aṣọ funfun lábẹ́ ìbòòji lọ́sàn-án, kí òòrùn má ta sí i lójú kan, kí ẹ yí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀ láti ìhà mẹ́fà. Bí ilẹ̀ yín bá jẹ́ onígun mẹ́fà, fọ́tò mẹ́fà yẹn ti tó fún gbogbo ibi tó lè kọjú sí, ẹ kò nílò ẹni tí yóò tún un yà nínú kọ̀ǹpútà.

ỌmọÒkèMẹ̀sí kọ pé:

Ẹ̀gbọ́n wa ti Ẹ̀fọ̀n ti bá wa yan onígun mẹ́fà nìyẹn, wọ́gọwọ̀gọ rẹ̀ kò ní ṣe nǹkan kan fún wa nítorí pé kò sí ẹni tó tò ní ìlà gbọnrangandan lórí àwọn òkè yẹn. A ó máa ta ikọ̀ lódidi kí á tó fi ránṣẹ́, pẹ̀lú ìṣọ́nà bí ẹ ti là á sílẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló kù tí mo fẹ́ gbọ́ èrò yín lé lórí. Owó ẹyọ ńkọ́? Lórí tábìlì, ọ̀tá ń rí i. Nínú kọ̀ǹpútà, a lè fi pamọ́.

Olùkọ́Ìṣirò kọ pé:

Ẹ fi owó ẹyọ pamọ́, ṣùgbọ́n ẹ fi èéfín hàn. Ẹ̀tù ṣakabùlà kì í jó láìrú èéfín. Kí èéfín náà wà lójú ilẹ̀ fún ìpele kan lẹ́yìn tí ìbọn bá dún, kí ọ̀tá sì fi ìyókù ro ara rẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn ìbọn Snider, tí à ń kì láti ẹ̀yìn, tí àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó bá wọn wá rà, yóò ti wúlò jù: ẹni tó rí èéfín kò mọ̀ bóyá ṣakabùlà tí yóò gba ìpele méjì kí wọ́n tó kì í tán ni, tàbí Snider tó ti kún padà. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò lórí tábìlì kí ẹ tó kọ kóòdù kankan: ẹ fi òwú dípò èéfín, kí ẹnìkan nínú yín ṣe adájọ́, kí ó máa mú owó ẹyọ gbogbo sọ́wọ́. Bí àwọn tó mọ̀ ọ́n díwọ̀n yẹn bá ń ṣiyèméjì kí wọ́n tó sáré gun òkè, ẹ lè kọ ọ́ wọlé bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá kàn ń sáré láìwo òwú, ẹ dín ìpele méjì ṣakabùlà kù sí ọ̀kan àbọ̀, ìyẹn ni pé kí ẹ máa ju dáìsì kan lẹ́yìn ìpele àkọ́kọ́ láti mọ̀ bóyá ó ti kún.

ỌmọÒkèMẹ̀sí kọ pé:

Òwú wà nílé. Ọjọ́ Sátidé ni a ó jókòó sí i, màá sì gbé àbájáde rẹ̀ síbí pẹ̀lú fọ́tò.